Ọkùnrin Mímọ́ tàbí Ènìyàn Pọ́ńbélé: Awuyewuye Àwọn Òǹkàwé lórí Mohamed Mbougar Sarr

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ Goncourt ní ìlú Paris kéde pé Mohamed Mbougar Sarr, ọmọ bíbí ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl tí ó jẹ́ ẹni ọdún 31 nígbà náà, ni ó gba ẹ̀bùn wọn fún ìtàn àròsọ rẹ̀, La plus secrète mémoire des hommes. Òun ni òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ láti ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí ẹ̀bùn náà tẹ̀ lọ́wọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé ni ó ti kọjá láti ìgbà tí René Maran, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbà á, fi Batouala gbà á ní ọdún 1921. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn ní Dakar, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò tíì rọlẹ̀ tí àríyànjiyàn fi gbòde. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ìwé tí ó gba ẹ̀bùn kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. De purs hommes ni, ìwé tí ó ti jáde láti ọdún 2018 láti ilé ìtẹ̀wé Philippe Rey ní ilẹ̀ Faransé àti Jimsaan ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni ìwé náà fi wà lórí àtẹ tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbà tí ẹ̀bùn dé ni ẹjọ́ dé.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni ìdí tí ojú àwọn òǹkàwé fi yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ìwé kan ṣoṣo. Kò sí àní-àní pé apá kan nínú ìjà náà jẹ́ ti ẹ̀sìn àti àṣà, èyí tí kò ṣe é fojú fò dá. Ṣùgbọ́n apá tí ó kan àwa olùkọ́ èdè jù lọ ni ti èdè fúnra rẹ̀, àti ti ọ̀nà tí a gbà ń ka ìtàn.

Ahunpọ̀ ìtàn náà kò lọ́ pọ̀. Ndéné Gueye, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ lítíréṣọ̀ ní yunifásítì, ni asọ̀tàn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Rama, obìnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra, fi fídíò kan hàn án lórí fóònù: ogunlọ́gọ̀ èrò ń hú òkú ọkùnrin kan ní itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, wọ́n ń wọ́ ọ jáde, nítorí pé wọ́n ní góor-jigéen ni nígbà ayé rẹ̀, èyíinì ni pé ó ń bá ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lò pọ̀. Ndéné kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Àìbìkítà rẹ̀ bí Rama nínú, láti ìgbà náà ni ọkàn Ndéné kò sì ti balẹ̀ mọ́. Ó wá ìyá olóògbé náà lọ. Ní ibi iṣẹ́, wọ́n bá a wí nítorí pé ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ewì Verlaine, akéwì Faransé tí òun náà fẹ́ràn ọkùnrin. Bí ó ti ń tọpinpin sí i ni ẹnu àwọn ènìyàn ń yí sí òun alára, títí tí olùwádìí fi di ẹni tí à ń fura sí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín àwọn òǹkàwé sí. Àwọn ìkínní sọ pé ìwé náà ń polówó ìwà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti àṣà ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl lòdì sí, àti pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé fẹ́ràn láti fún ní ẹ̀bùn. Àwọn ìkejì sọ pé iṣẹ́ akin ni, pé ó fẹnu sọ ohun tí gbogbo ayé ń fojú rí tí wọ́n ń gbé mì. Àwọn ìkẹta kò bá kókó ọ̀rọ̀ jà. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé ta ni òǹkọ̀wé náà ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò sì lè kà á. Kò yẹ kí a fọwọ́ rọ́ èyíkéyìí nínú wọn sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá pe gbogbo àwọn tí ń bínú ní òpè kò tíì ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́. Ẹ̀gàn ni ó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọlé. Nínú èdè Faransé, homme dúró fún ọkùnrin, ó sì tún dúró fún ènìyàn. Pur náà lè jẹ́ mímọ́, ó sì lè jẹ́ ohun tí a kò bu omi là. Pọ́n-na ni àkọlé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá fẹ́ tú u sí Yorùbá, a lè pè é ní 'Àwọn Ọkùnrin Mímọ́', a sì lè pè é ní 'Ènìyàn Pọ́ńbélé'. Ti àkọ́kọ́ dún bí oríkì, bí ẹni pé òǹkọ̀wé ń sọ àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ wọn di ẹni mímọ́. Ti èkejì kò yìn wọ́n, kò sì dá wọn láre. Ó kàn ní ènìyàn ni wọ́n bí ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé, ìtumọ̀ kejì ni ó wúwo jù, nítorí ohun tí asọ̀tàn rí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ènìyàn ni wọ́n ni pé ìwà ipá ọmọ aráyé lè bá wọn nígbàkígbà, bí ó ti lè bá gbogbo wa. Èdè Wolof náà ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: góor ni ọkùnrin, nit ni ènìyàn. Ẹni tí yóò tú ìwé náà sí Wolof kò lè ṣe aláìyan ọ̀kan. Òwe Wolof tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní nit nit ay garabam, ìyẹn ni pé ènìyàn ni oògùn ènìyàn. Bí nit bá wà nínú àkọlé, òwe yìí ni yóò wá sí ọkàn olùgbọ́. A kò sọ pé ìjà ìbá tán nítorí rẹ̀. Ohun tí a rí ni pé ìhà kọ̀ọ̀kan di ìtumọ̀ kan mú, ó sì rò pé òun ni gbogbo àkọlé.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó yẹ fún àkíyèsí ni góor-jigéen. Ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ ni: ọkùnrin, obìnrin. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti ṣe ìwádìí nípa Dakar àtijọ́ jẹ́rìí sí i pé nígbà kan, ọkùnrin tí ń múra bí obìnrin, tí ó sì ní ipò tirẹ̀ níbi ayẹyẹ àwọn obìnrin, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lónìí, èébú ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀, ó sì ti yí kúrò lórí ìmúra sórí ìbálòpọ̀. Sarr fi èyí hàn nípa ẹ̀dá-ìtàn kan tí ń fi aṣọ obìnrin jó níbi ìlù sabar, tí àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún lójú agbo tí wọ́n sì ń tẹ́ńbẹ́lú lẹ́yìn agbo. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ti tó láti ta ko ẹni tí ó ní àjèjì ló kó gbogbo rẹ̀ wọ̀lú. Ṣùgbọ́n kò tó láti fi gbe ẹni tí ó ní àwọn baba ńlá fọwọ́ sí ohun tí à ń jà lé lórí lónìí, nítorí ipò lójú agbo yàtọ̀ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá. Ìtàn ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìyìn tí ó ti òkèèrè wá, ìfura rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola jáde ní London ní ọdún 1952, bí wọ́n ti ń yìn ín lọ́hùn-ún ni ojú ń ti àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Nàìjíríà nítorí irú Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ. Ti Yambo Ouologuem, ọmọ Málì, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Le devoir de violence gba ẹ̀bùn Renaudot ní ọdún 1968; lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó jí ọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé mìíràn kọ. Ó padà sílé, ó sì dákẹ́ títí tí ó fi kú ní ọdún 2017. Òun ni Sarr fi ìwé Goncourt rẹ̀ sọrí. Ẹni tí ó kọ odindi ìwé lórí bí Paris ṣe ń gbé òǹkọ̀wé adúláwọ̀ ga tí ó sì ń jù ú nù, ó ṣòro láti sọ pé kò mọ ohun tí ìyìn Paris jẹ́.

Ẹ̀sùn kan kù: pé ó ba orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìròyìn nípa irú òkú bẹ́ẹ̀ tí wọ́n hú ti jáde ní Sẹ̀nẹ̀gàl kí ìwé náà tó wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ní ìlú Kaolack, èrò hú òkú ọkùnrin kan tí wọ́n fura sí, wọ́n sì dáná sun ún ní gbangba. Òtítọ́ ìròyìn kò sọ ìtàn àròsọ di iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀rọ̀ ìbanijẹ́ lẹ́nu olùfisùn. Ohun tí ìwé náà bèèrè gan-an ni bóyá a lè kórìíra ìwà kan kí a sì tún jẹ́ kí òkú sùn. Onígbàgbọ́ òdodo lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láìfi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀.

Lójú tiwa, àléébù ìwé náà wà níbi tí àwọn tí ń bínú kò wò. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn máa ń sọ̀rọ̀ gùn bí ẹni tí ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà mìíràn wà tí asọ̀tàn ń ṣàlàyé ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti sọ tán. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn kan fi gba ohùn Ndéné mọ́ ohùn Sarr lọ́wọ́: ìwé fúnra rẹ̀ kò fi àyè tí ó pọ̀ tó sí àárín àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, asọ̀tàn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àìbìkítà, tí ó sì parí pẹ̀lú ìdààmú, kò lè jẹ́ oníwàásù ẹnikẹ́ni.

Kí ni kí olùkọ́ ṣe? Ìmọ̀ràn wa ni pé bí a bá fẹ́ kọ́ ìwé yìí, kí a kọ́ àríyànjiyàn rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lòdì sí i ní àyè láti sọ èrò rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti kà á tán. Ìbéèrè àwọn ìkẹta sì ni ó ṣòro jù láti dá lóhùn. Une si longue lettre ti Mariama Bâ ti di Bataaxal bu gudde nii ní Wolof, nítorí náà ọ̀nà wà. Títí di ìgbà tí àwọn ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn yóò fi lè gbọ́ ìtàn náà ní èdè tí wọ́n fi ń sunkún ọmọ wọn, àwa tí a mọ èdè Faransé kà ni yóò máa dájọ́ lórí wọn, bí a yìn ín tàbí bí a bú u.