Ẹnu Tó Ń Polówó Ikú

Ọdún 1994 ni Christopher Buckley, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti máa ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún George H. W. Bush nígbà tí ìyẹn jẹ́ igbákejì ààrẹ, gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Thank You for Smoking, jáde. Lóṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sìgá méje nawọ́ sókè níwájú àwọn aṣòfin ní Washington, wọ́n búra, wọ́n ní àwọn ò gbà pé nikotíìnì inú sìgá máa ń di bárakú síni lára. Ìlú tó ti ṣẹlẹ̀ náà ni Buckley ń kọ nípa rẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Nick Naylor, agbẹnusọ àwọn oníṣẹ́ tábà, ni ìtàn dá lé. Ní apá ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, ó wà lórí ètò Oprah Winfrey, wọ́n sì gbé ọmọdékùnrin kan tí jẹjẹrẹ ń bá jà, tí orí rẹ̀ ti pá, jókòó sítòsí rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń hó lé e lórí. Kí ni Naylor ṣe? Kò jiyàn àìsàn rárá. Ó kẹ́dùn pẹ̀lú ọmọ náà, lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé ta ni ikú ọmọ yìí máa ṣe láǹfààní. Ó ní oníbàárà ló máa bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta sìgá. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wọn, tó ń fi iye òkú béèrè owó ìnáwó, ni yóò jèrè. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọ̀hún bá fi máa bínú fèsì, òun ló ti dà bí ìkà lójú gbogbo èèyàn.

Wo bí Buckley ṣe ṣe é. Kò dá sí ọ̀rọ̀ náà, kò ṣẹ́jú sí wa pé irọ́ ni. Òǹkọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ ò balẹ̀ ì bá ti sáré tú àṣírí Naylor. Buckley fún un lẹ́nu tó dùn jù nínú ìwé, ó wá jẹ́ kí ẹ̀rín pa wá kí ojú tó tì wá. Bákan náà ni nígbà tí sẹ́nétọ̀ Vermont ní kí wọ́n ya agbárí òkú sára páálí sìgá: wàràkàṣì Vermont ni Naylor fi dá a lóhùn, ó ní ọ̀rá rẹ̀ ń dí iṣan ọkàn. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọni létí.

Ibi tí wọ́n ti jí Naylor gbé, tí wọ́n lẹ àlẹ̀mọ́ra nikotíìnì mọ́ gbogbo ara rẹ̀, kò mú mi tó bẹ́ẹ̀. Eré ọ̀daràn ló ń di níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ibi tó ti gbé báàgì owó lọ bá Lorne Lutch, ẹni tí wọ́n máa ń ya àwòrán rẹ̀ bí adaran-màlúù fi polówó sìgá, tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì ń pa lọ. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: Wayne McLaren, tó wà nínú ìpolówó Marlboro, kú ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lọ́dún 1992. Buckley ò pe Lutch ní olójúkòkòrò. Bàbá kan tó ń kú ló fi hàn wá, inú ń bí i, ó sì ń ro ti ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín ò tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń korò lọ́fun. Mo ti kà á lọ kà á bọ̀, mi ò tíì rí gbólóhùn kan tí mo lè yọ kúrò.