Ta Ni "Wọ́n" Nínú "Wọ́n Ní"? Harry Price àti Iwin Borley

Ìwé méjì ni Harry Price kọ nípa ilé àlùfáà kan ní Borley, abúlé kékeré kan ní Essex, nítòsí ìlú Sudbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èkíní jáde ní 1940, èkejì ní 1946. Nínú èkíní ló ti fún ilé náà ní oyè: kò sí ilé tí iwin pọ̀ sí tó o ní gbogbo England. Ìwé méjèèjì dùn ún kà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí mo kọ́ ní gírámà á rántí ìbéèrè tí mo máa ń bi yín: ta ni "wọ́n" nínú "wọ́n ní"? Òun náà ni mo fẹ́ bi Price.

Ìtàn ọ̀hún rèé. Wọ́n ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n ní ọkùnrin kan níbẹ̀ fẹ́ obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan láti Bures ní ìkọ̀kọ̀. Àṣírí tú, wọ́n pa ọkùnrin, wọ́n sì mọ obìnrin mọ́ inú ògiri láàyè. Òun ni wọ́n ní ó ń rìn nínú ọgbà nírọ̀lẹ́. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó fi hàn pé irú ilé bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ rí. Ilé àlùfáà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé: 1862 ni Henry Bull, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, kọ́ ọ. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sọ pé àwọn rí iwin náà ní 1900, ìdílé wọn sì sọ ọ̀nà kan nínú ọgbà ní Ọ̀nà Ajẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹ kíyè sí i: bí a bá ti fi orúkọ ẹnìkan pe ọ̀nà, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè bóyá ẹni náà wà.

Price dé ibẹ̀ ní 1929, nígbà tí tọkọtaya tó ń gbénú ilé náà kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Daily Mirror. Ní 1937, ó háyà ilé náà fún ọdún kan, ó polówó nínú The Times, ó sì kó ènìyàn 48 jọ láti máa ṣọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ó kọ ọjọ́, ó kọ wákàtí. Àmọ́ ó ti há ìwé ìléwọ́ kan fún àwọn olùṣọ́ ṣáájú, tó sọ ohun tí àwọn tó ṣíwájú rí àti ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹ sọ fún ọmọdé pé egúngún wà lẹ́yìnkùlé, kí ẹ wá wò ó bí eku á ṣe di egúngún létí ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù wà nínú ìwé kejì. Níbi tí àwọn kan ti ń fi pátákó bá òkú sọ̀rọ̀ ní 1937, orúkọ kan jáde: Marie Lairre. Canon Phythian-Adams gbé e síwájú sí i, ó ní ọ̀kan nínú ìdílé Waldegrave ló pa á ní Borley ní 1667. Price tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ti gbẹ́ egungun díẹ̀ nínú ilé náà ní 1943, wọ́n sì sin ín ní Liston ní 1945. Àwọn ará Borley ní egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín: nínú Domesday Book ti 1086, Barlea ni orúkọ abúlé náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àrọko akọ ẹlẹ́dẹ̀!

Ìdílé Waldegrave kì í ṣe ìtàn àlọ́. Sir Edward Waldegrave jẹ́ olùdámọ̀ràn Ọbabìnrin Mary. Nígbà tí Elizabeth jọba, wọ́n jù ú sí àtìmọ́lé nínú Ilé Gogoro ti London nítorí Máàsì tí wọ́n ṣe nílé rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1561. Ère òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lórí ibojì ńlá nínú ṣọ́ọ̀ṣì Borley. Ẹni tó kú nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ rèé, ẹ̀rí wà, òkúta wà. Ìdílé rẹ̀ ni a wá ń fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, lórí ọ̀rọ̀ tí pátákó sọ. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Èyí kò tiẹ̀ tó ìròyìn.

Wọ́n tún ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Iná jó ilé náà ní 1939, wọ́n wó ìyókù ní 1944. Ní 1956, Dingwall, Goldney àti Hall tú ẹ̀rí Price palẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n sì fi hàn pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò dúró. Òtítọ́ bá irọ́ lóòótọ́, àmọ́ irọ́ ò dúró kí i. Títí dòní, iwin lọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá lọ sí Borley, wọn ò bìkítà fún Sir Edward.

N kò ní kí ẹ sun ìtàn iwin níná. Nígbà tí ìyá wa bá ní "Ààlọ́ o!", gbogbo wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Price kò pa ààlọ́ kankan. Ńṣe ló yọ "wọ́n ní" kúrò, tó fi "ó ṣẹlẹ̀" dípò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ìlú yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tìjú láti kọ "wọ́n ní" síbi tó bá yẹ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló ń gba òkú lọ́wọ́ ẹ̀sùn tí kò lè jẹ́jọ́ rẹ̀.