Lámèyítọ́ lórí Dátà Ìdánwò fún Áàpù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Àkọtọ́ Yorùbá

Àṣamọ̀
Pépà yìí ṣe lámèyítọ́ ọ̀nà tí a ń gbà yan dátà ìdánwò fún áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò gba ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé yíyan dátà náà kì í ṣe iṣẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni pẹ̀lú, nítorí pé dátà tí kò gbé ìyàtọ̀ ìró kalẹ̀ kò lè dán ìyàtọ̀ ìró wò.

1.0 Ìfáàrà
Kí ìdánwò áàpù tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń kó ìwọ̀nba dátà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sínú ibùdó dátà tí a yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò. Dátà yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní fixture. Nínú Rails, tí ó jáde ní ọdún 2004, fáìlì YAML ni a ń kọ ọ́ sí. Nínú Django, tí ó jáde ní ọdún 2005, ó lè jẹ́ JSON, XML tàbí YAML. Bí ìdánwò kọ̀ọ̀kan bá parí, ibùdó náà yóò padà sí bí ó ti wà, kí ìdánwò kan má baà ba òmíràn jẹ́. Àǹfààní ètò yìí kò ṣe é jiyàn. Ohun tí ó yẹ ní yíyẹ̀wò ni irú ọ̀rọ̀ tí a ń kó sínú rẹ̀.

2.0 Àléébù Inú Àpẹẹrẹ
Ìwé ìtọ́sọ́nà Django fi John Lennon àti Paul McCartney ṣe àpẹẹrẹ. Ti Rails lo orúkọ David Heinemeier Hansson, ẹni tí ó dá Rails sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀ lẹ́tà. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ fáìlì. Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ń ṣe áàpù fún èdè Yorùbá bá fi “Ade” àti “Bola” rọ́pò “John” àti “Paul”, tí ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ìdánwò lè rí kò yí padà. Kódà bí a bá pèsè ẹgbẹ̀rún irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jẹ́. Kò sí onímọ̀ fonọ́lọ́jì tí yóò fi irú dátà bẹ́ẹ̀ sọ pé èdè kan ní ohùn mẹ́ta.

3.0 Ohun Tí Dátà Tí Ó Péye Ń Fi Hàn
Àpẹẹrẹ (1) ní ọ̀rọ̀ márùn-ún tí àmì nìkan fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn:

(1) a. oko ‘ilẹ̀ tí a ń dá’
b. ọkọ ‘ẹni tí ó gbé ìyàwó’
d. ọkọ́ ‘irinṣẹ́ àgbẹ̀’
e. ọkọ̀ ‘ohun ìrìnnà’
ẹ. ọ̀kọ̀ ‘ohun ìjà’

Ìlànà ìfiwéra tí ó bá MySQL 8.0 ti ọdún 2018 wá, èyí tí í ṣe utf8mb4_0900_ai_ci, kì í ka àmì sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni márààrún lójú rẹ̀. Bí ìwé atúmọ̀-èdè bá ní òfin pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, (1a) yóò wọlé, a ó sì kọ mẹ́rin yòókù.

Ní ti PostgreSQL, òdìkejì àléébù yìí ni ó wà níbẹ̀. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, báìtì ni ó fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ méjì dọ́gba. Unicode gbà kí a fi nọ́ńbà mẹ́rin tàbí mẹ́fà kọ (1e). Ojú kò lè dá ọ̀nà méjèèjì mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n lójú ibùdó dátà, àfi bí áàpù bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ìlànà kan náà, bí NFC. Síbẹ̀, NFC kò yanjú gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ń fi ìlà kékeré olóòró (U+0329) sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó (U+0323). NFC kì í sọ méjèèjì di ọ̀kan.

Ètò ábídí náà ní tirẹ̀. Nínú Yorùbá, gèlè ṣáájú gbà, nítorí pé lẹ́tà kan ni gb, ó sì tẹ̀lé g. Ètò ti Gẹ̀ẹ́sì yóò fi gbà ṣáájú.

4.0 Àwọn Èdè Mìíràn
Dátà èdè kan kò lè dúró fún òmíràn. Nínú Hausa, kasa ‘kùnà’ àti ƙasa ‘ilẹ̀’ kì í dàrú mọ́ ara wọn nínú MySQL yẹn, nítorí pé lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni Unicode ka ƙ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ɔ inú àkọtọ́ Yorùbá ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀: ɔkɔ kò dàrú mọ́ oko, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ohùn ṣì ń sọnù. Ṣùgbọ́n ọ àti ụ ti Igbo ń jìyà ohun tí ọ Yorùbá ń jẹ. Áàpù tí ó yege pẹ̀lú dátà Hausa lè kùnà pẹ̀lú Igbo àti Yorùbá.

5.0 Ìkádìí
A lè jiyàn pé ìlànà tí kì í ka àmì sí wúlò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n ń wá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwákiri nìkan ni ó bá a mu. Kò bá ìtọ́jú ọ̀rọ̀ mu. Dátà tí ó péye gbọ́dọ̀ dán méjèèjì wò: bí a bá wá “oko”, kí márààrún jáde, bí a bá tọ́jú márùn-ún, kí ó má di ọ̀kan. Irú dátà bẹ́ẹ̀ kò nílò ju ìlà mẹ́wàá lọ fún èdè kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ní irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú ìwádìí wọn lórí ohùn àti fáwẹ́lì. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n kọ wọ́n sí fáìlì, kí wọ́n sì fi lé àwọn tí ń ṣe áàpù lọ́wọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.