Ìtumọ̀ 'Kan Náà': Ọjà Ọba Adó-Èkìtì Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí àwa olùkọ́ àti olùṣàyẹ̀wò ìwé ìdánwò sábà máa ń gbójú fò, èyí ni kan náà. Ohun tí ó fà á ni ìbéèrè kan tí a bá pàdé nínú ìdánwò ilé-ìwé girama kan: 'Ǹjẹ́ Ọjà Ọba àtijọ́ àti èyí tí wọ́n tún kọ́ jẹ́ ọjà kan náà?' Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé, 'Kan náà ni, kì í sì í ṣe kan náà.' Òdo ni wọ́n fún un. Wọ́n ní ó tako ara rẹ̀. Lérò tiwa, wọ́n rẹ́ ọmọ náà jẹ.

Ìtòsí ààfin Èwí ni Ọjà Ọba wà. Nígbà ìṣèjọba kejì Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣé (2014–2018), wọ́n wó àwọn ìsọ̀ àtijọ́ láti kọ́ tuntun. Ilé yí padà. Orúkọ kò yí.

Ìṣòro yìí ti pẹ́ láyé. Peter Abelard (1079–1142), onímọ̀ ará Faransé, gbà pé bí òkúta kékeré kan bá kúrò lára ilé, ilé lè wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe odidi ti àkọ́kọ́ mọ́. Bí a bá tẹ̀ lé e, páànù kan ṣoṣo tó láti sọ ọjà di òmíràn. Èyí kò bá bí a ti ń sọ̀rọ̀ mu. Jean Buridan, tí ó kọ́ni ní Paris ní sẹ́ńtúrì kẹrìnlá, la kan náà sí mẹ́ta:

(a) kan náà pátápátá, láìsí àfikún tàbí àdínkù;
(b) kan náà nípa ẹ̀yà tí ó ṣe kókó, bí ọkàn ènìyàn;
(d) kan náà nípa ìtẹ̀léra, bí odò Seine, tí omi ń ṣàn lọ tí òmíràn ń rọ́pò rẹ̀.

Ìpín yìí wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tán ọ̀rọ̀ ọjà. Odò kì í dáwọ́ ṣíṣàn dúró. Ọjà ń tú. Bí ó bá tú, ilé wà ṣùgbọ́n ọjà kò sí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tún ná an, a kì í sọ pé ọjà mìíràn ni. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) Ọjà tí ìyá mi ná ni èmi náà ń ná.
(2) Ìsọ̀ tí ìyá mi lò kọ́ ni mo ń lò.

Ẹnì kan ṣoṣo lè sọ méjèèjì, kí méjèèjì sì jẹ́ òtítọ́. Nínú (1), ibi tí à ń ná àti orúkọ rẹ̀ ni a ń tọ́ka sí. Nínú (2), ohun tí a fi ọwọ́ kọ́ ni. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa rí nìyí. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò ṣàlàyé, nítorí náà kò lè gba máàkì kíkún.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ìbéèrè kalẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣì í. Bí ilé ni ó ní lọ́kàn, kí ó sọ pé ilé ọjà. A dá a lábàá pé, níbikíbi tí kan náà bá ti hàn nínú ìbéèrè, kí a fi kún un pé: nípa kí ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.