Fèrèsé Nìkan Kọ́

Ẹ̀yin akéwì ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Bí a bá kéwì nípa Pópó Àgùdà l'Ékòó, fèrèsé aláràbarà la máa ń yìn ṣáá. Èmi náà jẹ̀bi. Ilojo Bar ní Tinúbú, ilé 1855, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1956. Wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Ọgbà ẹ̀wọ̀n òyìnbó ní Broad Street ńkọ́? Ilẹ̀ rẹ̀ di Freedom Park ní 2010, a ń ṣe fàájì níbẹ̀. A rántí ẹ̀wọ̀n, a gbàgbé ilé àwọn tó bọ́ lóko ẹrú Brazil! Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ti 1894 ṣì wà. Ẹ lọ wò ó. Ewì tó ń yin fèrèsé, tí kò béèrè ta ló wó ilé, ariwo lásán ni o.