Orúkọ Tí A Bá Pè Ló Ń Dáhùn

Ká ní ẹnìkan kọ ìkànnì tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu àti ẹ̀gẹ́ lọ́jà Komu, tí àdírẹ́sì rẹ̀ parí sí oja/iye/komu. Lábẹ́ CodeIgniter, irinṣẹ́ PHP tó jáde ní 2006, ọ̀rọ̀ kìíní ni orúkọ kíláàsì, èkejì ni iṣẹ́ tí kíláàsì náà mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀kẹta ni ohun tí a gbé lé e lọ́wọ́. Bí onídùndún ni: àlejò tó bá wọlé ló ń kì, kò dúró de ìwé ètò. Iṣẹ́ tuntun tí a bá fi kún kíláàsì náà lónìí ti ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan ní ewu ń bẹ níbẹ̀, wọn ò sì purọ́: ẹni tó lè pe gbogbo orúkọ lè pe èyí tó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a bá kọ private sí níwájú, ará ìta ò lè pè é. Láti ẹ̀dà 4.2 CodeIgniter, ní 2022, ìlẹ̀kùn ọ̀hún gan-an wà ní títì àfi tí oníṣẹ́ bá ṣí i. Ẹ̀sùn tó wúwo jù lójú tèmi ni ti Laravel, irinṣẹ́ PHP mìíràn, iṣẹ́ Taylor Otwell láti 2011. Ẹ kọ whereTown: kò sẹ́ni tó kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí, síbẹ̀ yóò tú orúkọ náà, yóò sì lọ wo òpó town nínú àkọsílẹ̀. Ẹni tó ń wá àṣìṣe lóru (ẹ bá a kẹ́dùn) lè wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nítorí náà, wíwá nǹkan ni irú ìpè bẹ́ẹ̀ yẹ fún. Ibi tí owó ti ń kọjá, ká kọ orúkọ gbogbo síta gbangba.