Apẹja tí kì í yára nígbà ọyẹ́

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ọyẹ́ bá ti da eruku bo Ìsẹ́yìn, bàbá apẹja tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í jí lọ sórí omi. Àwọn ọ̀dọ́ ti tukọ̀ jáde láti ìdájí. Òun jókòó sétí omi Ìkẹ́rẹ́, ó fi aṣọ wé etí, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ ò ní í lọ ni?" Ó ní, "Jẹ́ kí oòrùn ṣe tirẹ̀ ná." Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀.

Odò Ògùn ni wọ́n sé tó fi di omi ńlá Ìkẹ́rẹ́. Ìjọba Shehu Shagari ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1983, omi tó sì lè gbà tó 690 mílíọ̀nù kíúbíìkì mítà. Iná mànàmáná, omi ẹ̀rọ àti omi oko ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ká má purọ́, ẹja ló kọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀.

Bí omi bá ṣe tutù tó ni ara ẹja ń tutù tó. Epìyà tí òtútù mú kì í fẹ́ jẹun, kì í sì í fẹ́ rìn. Ẹni tó bá ju ìwọ̀ sí i, omi ló ń bọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di bí aago méjìlá ọ̀sán, ibi tí omi kò jìn, tí àpáta wà nísàlẹ̀ rẹ̀, á ti máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ ni epìyà ń lọ yáàrùn. Ibẹ̀ náà ni bàbá ń wò láti àárọ̀, tí mo rò pé ó ń tòògbé.

Ó wọ ọkọ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, omi a máa mọ́, ẹja a sì máa rí òjìji ènìyàn. Nítorí náà kò yọ àjẹ̀ kúrò nínú omi, ó kàn ń yí i nísàlẹ̀ ni. Kò ju àwọ̀n gbígbẹ. Ó rì í, ó gbọ̀n ọ́n, torí ọyẹ́ a máa mú okùn ọ̀rá le gan-an. Ó so okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì, ó ká àwọ̀n lé ìgbọ̀nwọ́, ó fi eyín di òjé kan mú ní etí rẹ̀. Òjé yẹn tutù! Ojú rẹ̀ sún kì, bí ẹni jẹ orógbó. Ó kẹ̀yìn sí atẹ́gùn tó ń ti àríwá bọ̀, torí atẹ́gùn iwájú a máa ká àwọ̀n pọ̀ lókè. Ni ìbàdí bá yí. Ìbàdí ni o, kì í ṣe apá. Àwọ̀n là bí agboòrùn, gbogbo òjé bá omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ṣàà! Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ẹja ti gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Ní Ìsẹ́yìn, bí wọ́n bá ní ọwọ́ ẹnì kan mọ̀ ọ́n ṣe, òfì híhun ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ẹni. Ẹ fi àwọ̀n kún un.

Nísinsìnyí, ọ̀dọ́ á ti máa fà. Bàbá dúró. Mo ka oókan dé ogún, kò mira. Ẹja inú òtútù kì í sá sókè, ilẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Bí a bá yára fà, òjé á gbéra nílẹ̀, àwọ̀n á sì gba orí ẹja kọjá. Ó wá ń fà á díẹ̀díẹ̀, ìka kan lórí okùn. Igi pọ̀ nínú omi náà, àwọn igi tó ti wà níbẹ̀ kí omi tó bò wọ́n. Ó ní igi a máa di okùn mú gbọin, ẹja a máa ta á pín-ín, pín-ín.

Epìyà mọ́kànlá. Ó ṣa mẹ́ta tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ó dá wọn padà sómi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ló ju àwọ̀n lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì tó pe ìrun Alásárì, ó ti délé.